Ta Ló Ni Òrùlé? Àgbéyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ Ilé Fúláàtì Kéékèèké láti Jákàńdè Estate, Ìsọlọ̀

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, àwọn onífúláàtì búlọ́ọ̀kù kan ní Jákàńdè Estate, Ìsọlọ̀, pé jọ sí ìdí àtẹ̀gùn láti sọ̀rọ̀ òrùlé. Fúláàtì mẹ́fà ló wà nínú búlọ́ọ̀kù náà, méjì nísàlẹ̀, méjì láàárín, méjì lókè. Ọ̀rẹ́ mi kan ló jogún ọ̀kan nínú wọn, òun ni mo sìn lọ. Wọ́n gbé bẹ́ǹṣì kan jáde, àwọn tí bẹ́ǹṣì kò gbà jókòó sórí kẹ́ẹ̀gì omi. Lára ògiri, mítà iná mẹ́fà tò sórí pákó, wáyà wọn lọ́ mọ́ra bí ìfun.

Alhaja tó ń gbé lókè pátápátá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní láti òjò èṣí ni òun ti ń gbé báàfù sílẹ̀ ní páálọ̀, pé páànù ti dípẹtà, sílíìnì sì ti wó lé àga. Bàbá tó ń gbé nísàlẹ̀ dá a lóhùn jẹ́jẹ́: “Alhaja, ẹ pẹ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n òjò kì í dé ọ̀dọ̀ mi. Súóòwé tó ń kún wá sẹ́nu ọ̀nà mi ni kí ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mójú tó.” Alhaja ní, “Dádì, súóòwé yẹn kì í gun àtẹ̀gùn wá bá èmi náà.” Àwọn tó wà láàárín, tí òjò kì í rọ̀ lé lórí, tí súóòwé kì í kún bá, dákẹ́. Ìpàdé tú láìsí ẹni tó dá kọ́bọ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí kò ti kúrò lọ́kàn mi. Àwọn ènìyàn máa ń béèrè lọ́wọ́ ara wọn ní Èkó bóyá ó ṣì pé kéèyàn kó owó lé ilé fúláàtì mẹ́rin tàbí mẹ́fà, bóyá kí wọ́n rà á ni tàbí kí wọ́n kọ́ ọ, bóyá rẹ́ǹtì rẹ̀ lè bọ́ni lọ́jọ́ ogbó. Èmi rò pé ìdí òrùlé Alhaja ni gbogbo ìbéèrè wọ̀nyẹn so mọ́. Yàrá kọ̀ọ̀kan ló ní olówó. Ohun tí gbogbo ilé jọ ń lò ni kì í ní: òrùlé, àtẹ̀gùn, súóòwé, páìpù omi, irin tó wà nínú òpó. Ibẹ̀ ni owó ń bá lọ, ibẹ̀ náà sì ni ilé ti ń kú.

Kò yẹ ká sọ̀rọ̀ Jákàńdè Estate láìyin ẹni tó kọ́ ọ. Lateef Káyọ̀dé Jákàńdè, akọ̀ròyìn tó di gómìnà, jókòó sórí àga ìjọba Èkó ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá 1979, ó sì wà níbẹ̀ títí àwọn ológun fi gbàjọba ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá 1983. Ọdún mẹ́rin àti oṣù mẹ́ta péré. Láàárín ìgbà yẹn ló kọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún fúláàtì sí Ìsọlọ̀, Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, Abẹ́sàn-án, Ìjàyè, Ìba àti àwọn ibòmíì. Òun fúnra rẹ̀ kò kó lọ sílé ìjọba, inú ilé ara rẹ̀ ní Ìlúpéjú ló ń gbé. Nígbà tó kú ní ọjọ́ 11 oṣù kejì 2021, ẹni ọdún 91, ọ̀pọ̀ tó sunkún rẹ̀ jẹ́ ọmọ àwọn tíṣà, òṣìṣẹ́ ìjọba àti oníṣòwò tí ilé rẹ̀ sọ òbí wọn di onílé.

Kí Jákàńdè tó dé ni ìjọba ti ń kọ́lé l'Ékòó. Àjàkálẹ̀ àrùn tó jà láàárín ìlú ní àwọn ọdún 1920 ló mú kí ìjọba amúnisìn dá LEDB, àjọ tó ń tún ìlú Èkó tò, sílẹ̀ ní 1928, àjọ náà ló sì wó ilé láàárín Ìsàlẹ̀ Èkó tó kó àwọn ènìyàn lọ sí Sùúrùlérè ní àwọn ọdún 1950. Ní 1972 ni wọ́n pa á pọ̀ mọ́ àwọn àjọ mìíràn tó di LSDPC, àjọ ilé kíkọ́ ti Ìpínlẹ̀ Èkó, orúkọ tí ẹni tó bá mú ìwé fúláàtì Jákàńdè dání mọ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n iye fúláàtì tí Jákàńdè kọ́, àti àwọn tó kọ́ ọ fún, ló yàtọ̀. Kò kọ́ ọ fún afẹ́. Yàrá rẹ̀ kéré, gbọ̀ngán rẹ̀ kò fẹ̀, àtẹ̀gùn kan ni gbogbo ilé ń gbà.

Ilẹ̀ Òkè-Afá ní Ìsọlọ̀, tí púpọ̀ nínú Jákàńdè Estate dúró lé, jẹ́ ilẹ̀ àkúrò. Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni kànáàlì wà, ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kú sí ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní 2002, nígbà tí wọ́n ń sá fún bọ́ǹbù tó ń bú nínú bárékè ológun Ìkẹjà. Ará Òkè-Afá kò lè gbàgbé ọjọ́ náà. Mo mẹ́nu bà á nítorí pé ẹni tó bá fẹ́ ra ilé ládùúgbò yẹn gbọ́dọ̀ mọ ìtàn omi ibẹ̀ kó tó mọ iye rẹ́ǹtì ibẹ̀. Níbi tí omi abẹ́ ilẹ̀ bá ti sún mọ́ òkè, súóòwé kì í mu omi dáadáa. Bí wọ́n bá sì gbẹ́ bọ́hòòlù sún mọ́ súóòwé, kí la fẹ́ máa mu?

Bí ènìyàn bá jáde kọjá Jákàńdè Gate sí apá Ẹjìgbò tàbí Àjàó Estate, irú ilé mìíràn ló máa rí. Èyí kò ní onílé mẹ́fà. Lánlọ́ọ̀dù kan ló ni ín, lọ́pọ̀ ìgbà, òun náà a máa gbé lókè, tí àwọn tẹ́náǹtì ń gbé nísàlẹ̀. Sandra Barnes, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, kọ ìwé ní 1986 lórí Múṣin, nígbà tí Ìsọlọ̀ ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Ó fi hàn pé ilé kíkọ́ láwọn àdúgbò wọ̀nyí ju ọ̀rọ̀ owó lọ. Ẹni tó kọ́lé di ẹni tí àwọn ènìyàn ń gbé lábẹ́ rẹ̀, ó ń parí ìjà, ó ń bá wọn jíṣẹ́ dé ìjọba ìbílẹ̀, kò sì pẹ́ tó fi di olóyè tàbí olóṣèlú. Mo gba èyí gbọ́, mo sì rò pé òun ló ń ba ìṣirò ọ̀pọ̀ lánlọ́ọ̀dù jẹ́. Wọ́n kọ́ ilé náà kí wọ́n lè pè wọ́n ní onílé. Nígbà tí orúkọ yẹn bá ti dé, iṣẹ́ ti parí lójú wọn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọjọ́ tí tẹ́náǹtì àkọ́kọ́ kó wọlé ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Ká ní ilé fúláàtì mẹ́fà ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń san ₦1,200,000 lọ́dún. Ẹni tó fẹ́ tà á fún ọ á sọ pé ₦7,200,000 ló ń wọlé. Òótọ́ ni, lórí ìwé. Ṣùgbọ́n fúláàtì kan ṣófo fún oṣù méjì kí ẹlòmíràn tó wọlé, ₦200,000 ti lọ. Tẹ́náǹtì kan san ìdajì, ó ń bẹ̀bẹ̀ lórí ìyókù, ₦600,000 dúró síta. Ọlọ́dẹ tó tún ń gbálẹ̀ ń gba ₦40,000 lóṣù, ₦480,000 nìyẹn lọ́dún. Bí o bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ́ǹtì pa mọ́ fún àtúnṣe, tó jẹ́ ohun tó kéré jù tí mo rò pé ó bójú mu, ₦720,000 tún kúrò. ₦5,200,000 ló kù, a kò sì tíì fọwọ́ kan owó orí ilé tí ìjọba Èkó ń gbà, ìyẹn Land Use Charge, tó máa ń wúwo lórí ilé tí onílé kò gbé inú rẹ̀ ju èyí tí ó ń gbé lọ. Bí wọ́n bá ta ilé náà fún ọ ní ₦100,000,000, èrè rẹ jẹ́ 5.2 lórí ọgọ́rùn-ún.

Ní àwọn oṣù kan nínú ọdún 2024, ìwé gbèsè ìjọba àpapọ̀ tó jẹ́ ọlọ́jọ́ 364 ń san ju 20 lórí ọgọ́rùn-ún lọ, láìsí òrùlé tó ń jò. Kí ló wá dé tí àwọn ènìyàn ṣì ń wá ilé rà? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ohun tó ṣẹlẹ̀ sí náírà. Kí ìjọba tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023, dọ́là kan kò tó ₦500 ní báńkì. Nígbà tí ọdún 2024 fi máa parí, ó ti kọjá ₦1,500. Ẹni tó fi náírà pa mọ́ rí i bó ṣe ń yọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ní ilé rí i pé bí sìmẹ́ǹtì àti irin ṣe ń gbówó lórí ni ilé òun náà ń gbówó lórí. Rẹ́ǹtì kọ́ ni èrè ilé fúláàtì kékeré, ó kàn ń bá a gbọ́ bùkátà ọdún ni. Èrè náà wà nínú ilé fúnra rẹ̀, pé kó ṣì dúró ní ogún ọdún sí i, kó ṣì ṣeé gbé, kó ṣì ṣeé tà. Nítorí náà, ẹni tí kò tún òrùlé ṣe ń jẹ olú-owó rẹ̀, kò sì mọ̀, nítorí rẹ́ǹtì ṣì ń wọlé.

Gbèsè báńkì kò ṣeé fi kọ́ irú ilé yìí. Ní oṣù kọkànlá 2024, Báńkì Àpapọ̀ gbé iye èlé tí gbogbo báńkì ń wò dé 27.5 lórí ọgọ́rùn-ún, báńkì sì tún ń fi tirẹ̀ lé e. Ilé tó ń mú 5 wọlé kò lè san 30. Owó ilé gbígbé tí òṣìṣẹ́ ń dá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ sí, ìyẹn NHF, ń yá ènìyàn lówó ní èlé 6 lórí ọgọ́rùn-ún, àmọ́ ilé tí onítọ̀hún fẹ́ gbé ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe ilé tó fẹ́ fi gba rẹ́ǹtì. Nítorí náà, èsúsú, kóperétíìfù, owó fẹ̀yìntì àti owó tí ọmọ fi ránṣẹ́ láti òkèèrè ló ń kọ́ ilé fúláàtì l'Ékòó. Wọ́n á fi ọdún kan gbé ìpìlẹ̀, ọdún kejì wọ́n á dá pètésì, ọdún kẹta wọ́n á sinmi. Irin tó yọrí síta lórí òpó nígbà ìsinmi yẹn ni òjò ń pa, òun ni wọ́n sì ń da kọnkéré bò níkẹyìn pẹ̀lú ìpẹtà rẹ̀.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ìpẹtà yìí, torí òun ni ọ̀rọ̀ òrùlé Alhaja já sí. Nígbà tí ìpàdé tú, ọ̀rẹ́ mi mú mi wo abẹ́ àtẹ̀gùn àjà kejì. Mo fi ìka kan kan sìmẹ́ǹtì ibẹ̀, ó ṣí sí mi lọ́wọ́ bí ìpẹ́pẹ́, irin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ pupa, ó sì wú. Irin tó bá dípẹtà máa ń tóbi ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Bó bá ti ń tóbi nínú kọnkéré, kò ní ibi tí yóò gbà, yóò la kọnkéré náà láti inú. Ojú ibi tó là yẹn ni omi tún ń gbà wọlé, tí irin tún ń dípẹtà sí i. Omi tó jò láti páànù gba ara ògiri dé ọ̀gangan àtẹ̀gùn. Èyí tó jò láti ilé ìwẹ̀ àjà kejì bá a pàdé níbẹ̀. Bàbá tó ń gbé nísàlẹ̀ sọ pé òjò kì í dé ọ̀dọ̀ òun. Òjò ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tipẹ́, ara òpó tó gbé e dúró ló gbà wá.

Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹfà 2021, ilé alájà méjìlá kan tó ń jẹ́ Champlain Towers South wó lóru ní Surfside, nítòsí Miami ní Amẹ́ríkà. Ènìyàn 98 kú. Ọdún 1981 ni wọ́n parí ilé náà, ìgbà kan náà tí Jákàńdè ń kọ́ tirẹ̀. Àwọn onífúláàtì ló ni ín, olúkúlùkù pẹ̀lú ìwé tirẹ̀. Ní 2018, ẹnjiníà kan ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn pé omi ń dúró sórí kọnkéré, ó sì ń ba abẹ́ rẹ̀ jẹ́. Wọ́n jókòó ìpàdé, wọ́n jiyàn lórí ẹni tó máa sanwó àti iye tó máa san. Nígbà tí ilé náà fi máa wó, owó àtúnṣe ti dé mílíọ̀nù 15 dọ́là, iṣẹ́ gidi kò sì tíì bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìpínlẹ̀ Florida ṣòfin ní 2022 pé irú ilé bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ gba àyẹ̀wò nígbà tó bá pé ọdún 30, kí wọ́n sì máa fi owó àtúnṣe pa mọ́. Ìlú olówó nìyẹn, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kì í ṣe tálákà. Ìjiyàn ìdí àtẹ̀gùn tí mo gbọ́ ní Ìsọlọ̀ ni wọ́n jà níbẹ̀.

Àwa náà ti sin òkú tiwa. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta 2019, ilé kan wó ní Ìta Fájì ní Lagos Island, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé wà lókè rẹ̀, ogún ènìyàn sì bá a lọ. Ìjọba Èkó ní àjọ LASBCA tó ń ṣàyẹ̀wò ilé, ó ní ilé ìdánwò ohun ìkọ́lé. Àwọn òṣìṣẹ́ wọn á wá, wọ́n á fi ọ̀dà pupa sàmì sí ògiri. Ẹ̀rù àmì yẹn ni kì í jẹ́ kí àwọn onílé fẹ́ pe ẹnikẹ́ni wá wò ó. Lójú tèmi, bí onílé bá rò pé ẹni tó wá yẹ ilé wò ń bọ̀ wá lé òun jáde ni, kò ní pè é títí òpó yóò fi yẹ̀. Ìjọba ní láti ya àyẹ̀wò sọ́tọ̀ kúrò lára ìwópalẹ̀. Kí wọ́n jẹ́ kí àwọn onífúláàtì mẹ́fà lè pe ẹnjiníà láìbẹ̀rù, kí wọ́n sì fún wọn ní ọdún tí wọn yóò fi tún un ṣe nígbà tí ó bá ṣì ṣeé tún ṣe.

Ní Singapore, níbi tí àjọ HDB ti ń kọ́ ilé fún gbogbo ìlú láti 1960, onílé kọ̀ọ̀kan ń san owó ìtọ́jú lóṣooṣù, òfin sì fi dandan lé e pé kí ìgbìmọ̀ àdúgbò ya apá kan rẹ̀ sọ́tọ̀ fún òrùlé, ẹ̀rọ ìgòkè àti páìpù tí yóò gbó lẹ́yìn ọdún pípẹ́. Ohun tí Jákàńdè Estate kò rí gbà gan-an nìyẹn. Ìjọba kọ́ ilé, ó pín in, gómìnà tó kọ́ ọ lọ, àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ sì ń tọ́jú ohun tí ojú wọn ń rí. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ yọ kíṣìnnì síta, wọ́n sọ ọ́ di ṣọ́ọ̀bù. Àwọn tó wà lókè gbé táǹkì omi sókè, ẹrù tí ẹni tó ya àwòrán ilé kò bá wọn ṣírò. N kò dá wọn lẹ́bi fún ṣọ́ọ̀bù, ọmọ ní láti jẹun. Ṣùgbọ́n táǹkì omi tó kún, tí ó gba lítà 2,000, wúwo tó tọ́ọ̀nù méjì.

Irú èyí náà ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé àdáni tí lánlọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ní. Rẹ́ǹtì fúláàtì yàrá mẹ́ta ti kọjá agbára ọ̀pọ̀, ni lánlọ́ọ̀dù bá fi búlọ́ọ̀kù pín in sí mínì-fúláàtì méjì. Owó pọ̀ sí i lọ́gán. Àmọ́ súóòwé tí wọ́n gbẹ́ fún ìdílé mẹ́rin ń gba ìdọ̀tí ìdílé mẹ́jọ, wáyà iná tí wọ́n fà fún firíìjì mẹ́rin ń gbé mẹ́jọ. Nígbà tí ọkọ̀ agbégbọ̀nsẹ̀ bá ń wá ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ibo ni àfikún yẹn ń lọ?

Òfin wà, ó sì dára ju bí àwọn ènìyàn ṣe rò lọ. Lẹ́yìn òfin 1997 tí àwọn ológun fi fẹ́ dá iye rẹ́ǹtì lé, tí kò sẹ́ni tó tẹ̀ lé e, Gómìnà Fáṣọlá fọwọ́ sí Òfin Ilé Yíyá ti Ìpínlẹ̀ Èkó ní oṣù kẹjọ 2011. Kò dé Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti Ìkẹjà GRA, àmọ́ ó dé Ìsọlọ̀. Ó ní lánlọ́ọ̀dù kò gbọdọ̀ gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ tẹ́náǹtì tuntun. Gbogbo wa mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ṣì ń béèrè ọdún méjì. Bí ẹni tó ń san rẹ́ǹtì ọdọọdún kò bá ní àdéhùn mìíràn, oṣù mẹ́fà ni ìwé ìkìlọ̀ tó tọ́ sí i, lẹ́yìn náà ìwé ọjọ́ méje, lẹ́yìn náà kóòtù. Ẹni tó bá fi ipá lé tẹ́náǹtì jáde, tó yọ páànù tàbí tó halẹ̀ mọ́ ọn, lè san tó ₦250,000 tàbí kó lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà. Àwọn lánlọ́ọ̀dù kan ń ráhùn pé òfin náà ṣojúsàájú fún tẹ́náǹtì. N kò gbà. Ẹni tó bá ní gbèsè rẹ́ǹtì tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún lọ lè gba kóòtù gbèsè kékeré tí Èkó dá sílẹ̀ ní 2018 lọ, ó sì lè kọ́kọ́ gba Citizens' Mediation Centre, níbi tí wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Èyí tó ń pa lánlọ́ọ̀dù lára ni pé kò ní ìwé: kò fún tẹ́náǹtì ní rìsíìtì, kò kọ àdéhùn, ẹnu ni wọ́n fi ń gba gbogbo rẹ̀.

Ìlà kan wà nínú òfin náà tí mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni kà nídìí àtẹ̀gùn. Lánlọ́ọ̀dù tó bá gba owó ìtọ́jú ilé gbọ́dọ̀ fún tẹ́náǹtì ní rìsíìtì rẹ̀ lọ́tọ̀, kó sì ṣàlàyé lórí ìwé ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà bí wọ́n ṣe ná an. Mo ka èyí sí ohun tó ṣe pàtàkì jù lọ nínú gbogbo òfin náà. Àwọn ènìyàn kì í kọ̀ láti dáwó nítorí ahun nìkan. Wọ́n ń kọ̀ nítorí pé wọ́n ti dá a rí, wọn kò sì rí ibi tó wọlé sí.

Ọ̀rọ̀ éjẹ́ǹtì kò gùn. Ní Èkó, àgírímẹ́ǹtì àti kòmíṣọ̀n lè jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún rẹ́ǹtì ọdún kan, tẹ́náǹtì ló sì ń san án. Àbá òfin tuntun tó wà níwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkó ní 2025 fẹ́ kí kòmíṣọ̀n má ju 5 lórí ọgọ́rùn-ún lọ. Éjẹ́ǹtì tó bá ń jẹun lára ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé yóò fẹ́ kí tẹ́náǹtì máa jáde lemọ́lemọ́. Lánlọ́ọ̀dù ní tirẹ̀ kò fẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí oṣù méjì tí fúláàtì fi ṣófo ń gba ohun tí àfikún rẹ́ǹtì mú wá. Tẹ́náǹtì tó ti pẹ́, tó ń sanwó, tó ń pe lánlọ́ọ̀dù nígbà tí páìpù bá ń jò, kí wọ́n dì í mú, bí rẹ́ǹtì rẹ̀ tilẹ̀ kéré díẹ̀ sí ti ìta.

Ikú onílé ni ibi tí ọ̀pọ̀ ilé wọ̀nyí ti ń bàjẹ́. Nínú àṣà wa, bí ẹni tó ní ìyàwó púpọ̀ bá kú láìkọ ìwé ìhágún, ìdí-igi, ìyẹn ìyàwó kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, ni wọ́n ń gbà pín ogún rẹ̀, àyàfi bí aáwọ̀ bá dé tí olórí ẹbí sì yàn pé kó jẹ́ orí-ò-jorí, ìyẹn iye orí ọmọ. Ẹjọ́ Dáwódù àti Dánmọ́lé, tó ti Èkó dé iwájú ìgbìmọ̀ ìdájọ́ Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n sì dá ní 1962, ló fìdí èyí múlẹ̀. Ó dára fún ilẹ̀ oko. Ṣùgbọ́n báwo ni wọ́n ṣe ń pín fúláàtì mẹ́rin fún ìdí-igi mẹ́ta? Wọ́n á pín yàrá, wọ́n á pín rẹ́ǹtì, kò sẹ́ni tó ń pín òrùlé. Láàárín ọdún mẹ́wàá, ilé lánlọ́ọ̀dù kan ti di ilé onílé mẹ́sàn-án, ó ti jọ búlọ́ọ̀kù Jákàńdè, láìsí ẹni tó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń jọ ní nǹkan. Bí bàbá tàbí ìyá bá fẹ́ràn ilé tó kọ́, kó kọ ìwé ìhágún, kó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé iye báyìí nínú rẹ́ǹtì yóò máa lọ sí àpò àtúnṣe kí ẹnikẹ́ni tó pín kọ́bọ̀.

Ẹni tó wà lókè òkun tó fẹ́ ra fúláàtì ní Jákàńdè, kó rí i pé orúkọ ẹni tó ń tà á ni orúkọ tó wà nínú ìwé LSDPC, kó sì ṣe ìyípadà orúkọ náà lọ́fíìsì wọn, kó má fi mọ sí ọwọ́ lọ́yà nìkan. Bó bá jẹ́ ilé àdáni, kó wádìí ìwé ní Aláúsá, kó sì rántí pé lábẹ́ òfin ilẹ̀ ti 1978, ìyọ̀ǹda gómìnà ni í sọ rírà di rírà. Lẹ́yìn ìwé, kó lọ sí ibẹ̀ lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀. Kó wo sílíìnì àjà òkè, kó wo abẹ́ àtẹ̀gùn, kó béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé nísàlẹ̀ ìgbà tí wọ́n kó súóòwé kẹ́yìn. Kó béèrè pé ta ló ń di owó ìtọ́jú mú, kí wọ́n sì fi ìwé rẹ̀ hàn án.

Mo tún padà sí búlọ́ọ̀kù náà lẹ́yìn oṣù mẹ́rin. Ọ̀rẹ́ mi ti mú bàbá ìsàlẹ̀ lọ wo abẹ́ àtẹ̀gùn, òun náà ti fi ìka ara rẹ̀ kan sìmẹ́ǹtì yẹn. Alhaja sì ti gbà pé kí wọ́n kó súóòwé kí wọ́n tó gun òkè, nítorí òjò kò tíì bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ṣí àkáǹtì kan tí ẹni mẹ́ta gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí kí owó tó jáde, ọ̀kan láti àjà kọ̀ọ̀kan. Wọ́n lẹ bébà kan mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà, nọ́ńbà fúláàtì mẹ́fà lórí rẹ̀, iye tí kálukú san níwájú nọ́ńbà rẹ̀, àti nísàlẹ̀, rìsíìtì ọkọ̀ súóòwé tí wọ́n fi pínnì kan mọ́ ọn. Fúláàtì márùn-ún ti san. Ẹnì kẹfà wà ní Lọ́ńdọ̀nù, àwòrán bébà náà ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí i. Àwọn kápẹ́ńtà ti ń ka páànù tí wọ́n máa rà.